Búlúù tí Kò Ní Ìǹkì

Bariga,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Títílayọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jọ̀ọ́, má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ lẹ́tà yìí sí ọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo ti fà á ya, mo sì tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ti gboyè olùkọ́. Ìwé ẹ̀rí rẹ wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀ wa, bàbá rẹ sì máa ń fi han gbogbo ẹni tó bá yà wá mu omi. Èmi ìyá rẹ, ọdún kìn-ín-ní ni mo wà ní yunifásítì. Mo ṣì ń ṣi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àárín àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ni mo lọ jókòó sí, ojú sì tì mí láti dìde títí wọ́n fi parí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá fẹ́ gba olùkọ́ nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá dákẹ́ nítorí pé ìwé rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó ti ọmọ, ta ni yóò bá ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé?

Mo mọ̀ pé fóònù wà. Nígbà tí mo pè ọ́ lánàá, o ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ná," o sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá òjò rọ̀ ní Bariga. Mo mọ ohùn ẹkún, kódà bó bá ń béèrè òjò. Lẹ́tà kò ṣeé gbà mọ́ ènìyàn lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. O ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sí ní Obanikoro. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣadé, ọmọ Ìlàjẹ tí ilé wọn wà lórí omi níbí ní Bariga, nawọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ojú ọ̀run fi jẹ́ búlúù?" O dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé omi òkun ló jẹ́ búlúù, pé ojú ọ̀run dà bí dígí tó ń gbé àwòrán òkun.

Ṣadé ní, "Ṣùgbọ́n Àǹtí, omi tiwa dúdú o. Abẹ́ ilé wa ló wà. Ọ̀run tó wà lókè rẹ̀, búlúù náà ni."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti mú Àǹtí!" Ojú tì ọ́, o sì ní kí Ṣadé lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, kó ká ọwọ́ sókè, torí pé ó ṣàfojúdi. Láti ọjọ́ náà, kò nawọ́ mọ́. Bí o bá bi í ní nǹkan, á wolẹ̀, á ní, "Mi ò mọ̀, Àǹtí." Ìwọ náà wá sọ fún mi pé Ọlọ́run kò dá ọ ní olùkọ́, pé ọ̀gá rẹ àtijọ́ ní Fádèyí ṣì ń wá ẹni tí yóò bá a ta ike fóònù tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn rẹ̀, àti pé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wàá sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé o kò ṣe mọ́.

Ọmọ mi, kò sí ohun tó burú nínú ike fóònù. Òun ló ra aṣọ tí o wọ̀ lọ gba iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tó ń já mi láyà ni pé bí o bá lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹni méjì ni yóò dákẹ́: ìwọ àti ọmọ yẹn.

Gbà mí láyè kí n to ìmọ̀ràn mi ní oókan-oókan bí àwọn òbí mi ṣe máa ń tò ó. Bí mo bá ṣì í kà, fi orí jì mí.

Èkíní. Má rò pé ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ òkun yẹn tàn jẹ. Èmi náà gbà á gbọ́, títí di ọdún yìí. Rò ó wò o! Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo dàgbà sí. Kò sí òkun níbẹ̀, kò sí ọ̀sà. Omi tó tóbi jù lójú mi nígbà náà ni kànga tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Síbẹ̀, lẹ́yìn òjò, ọ̀run Ògbómọ̀ṣọ́ á tàn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi ara mi pé òkun wo ló ń fi òkè ilé wa wo dígí. Mo gbọ́ ọ, mo gbà á, mo sùn lé e. Ọmọ kékeré ni Ṣadé, kò sùn lé e. Ó gbé ohun tí o sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń rí láti ojú fèrèsé wọn, ó rí i pé wọn kò bára mu. Èyí tí o pè ní àfojúdi yẹn, ohun tí wọ́n ń kọ́ èmi ní yunifásítì nìyẹn, tí mo sì ń sanwó fún.

Èkejì. Má jẹ́ kí ọmọ kọ́ orí mímì lọ́wọ́ rẹ.

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Nígbà tí mo wà bíi Ṣadé, mo bi olùkọ́ wa pé ta ló kun ojú ọ̀run. Olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà ni. Ó ní, "Ìwọ, ṣé wọ́n fi ọ́ ṣe alábòójútó ọ̀run ni?" Àwọn ọmọ bá gbé e. Orúkọ mi di Alábòójútó. Bí mo bá ru omi bọ̀ láti kànga, wọ́n á ké sí mi ní òdì kejì ọ̀nà: "Alábòójútó, òjò á rọ̀ lónìí bí? Ká sá àgbàdo wa?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò béèrè ohunkóhun mọ́ ní kíláàsì. Iṣẹ́ mìíràn ni mo kọ́: bí wọ́n ṣe ń mi orí. Bí tíṣà bá ti ní, "Ṣé ó yé yín?" orí tèmi ló máa ń kọ́kọ́ mì.

Orí náà ni mo gbé wá sí Èkó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ọ̀gá wa ṣàlàyé fún mi pé àwòrán aláwọ̀ mèremère, pléètì mẹ́rin, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n ya àwòrán sí, ló ń bí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìǹkì tirẹ̀: yẹ́lò, pupa, búlúù àti dúdú. Ìwé kan náà yóò gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí àwòrán tó pé. Ó fi bí èèyàn ṣe ń dá pléètì kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì hàn mí. Ó ní, "Ṣé ó yé ọ?" Orí mi mì. Kò yé mi rárá, Títí.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ kàlẹ́ńdà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọ́n ya díákónì wọn sí àárín, ojú ọ̀run tó mọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé pléètì búlúù sí ìdí ìǹkì pupa, mo gbé ti pupa sí ìdí búlúù. Nígbà tí ìwé fi máa jáde, ojú ọ̀run ti pọ́n kankan, ojú díákónì sì ti di àwọ̀ ewé. Ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì rán wá gba iṣẹ́ gbé ìwé náà sókè, ó wò ó, ó wá wò mí.

"Arábìnrin, díákónì wa nìyí àbí alángbá?"

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí páálí ìwé. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ni bàbá rẹ. Kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló ń já sí òfo.

Ọ̀gá wa kò lù mí. Ohun tó sọ ló dùn mí ju pàṣán lọ. Ó ní, "Mo bi ọ́ bóyá ó yé ọ. Orí lo fi parọ́ fún mi."

Abèèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ti na ìbéèrè mọ́ lẹ́nu. Ọmọ tó bá ń mi orí kì í yọ olùkọ́ lẹ́nu. Kíláàsì á parọ́rọ́, olùkọ́ á rò pé òun ń ṣe dáadáa. Ó di ọjọ́ mìíràn, níbòmíràn, kí díákónì tó di alángbá. "Mi ò mọ̀, Àǹtí" tí Ṣadé ń sọ fún ọ yẹn, orí mímì tirẹ̀ nìyẹn. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta. Wo bí ẹlòmíràn ṣe ṣe é fún mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ béèrè pé, bí a bá da gbogbo àwọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, kí ni yóò jáde? Mo mọ ìdáhùn yẹn bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀! Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Alábòójútó, ọwọ́ mi lọ sókè. Mo ní, "Dúdú, sà."

Kíláàsì dàrú. Àwọn ọmọ yìí, tí wọn kò jù ọ́ lọ, ń fọwọ́ lu tábìlì. Ẹnì kan ní, "Mọ́mì ti paná!" Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ ti là kó gbé mi mì, mi ò rí i.

Olùkọ́ náà kéré sí mi. Ó dúró kí ariwo lọ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nílé?"

"Ìwé là ń tẹ̀, sà."

"Ẹ ò ṣìnà. Ìǹkì lẹ ń sọ. Ìǹkì kọ̀ọ̀kan máa ń gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e. Ẹ da gbogbo wọn pọ̀, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ mì, á dúdú. Èmi, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ. Tí ẹ bá da àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ pọ̀, funfun ni yóò jáde." Ó wá yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ta ló mọ ìyàtọ̀ yẹn nínú yín kí n tó sọ ọ́?"

Ẹni tó ní mo paná ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Títí, mo ti ṣi ìdáhùn sọ, síbẹ̀ mo kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin yẹn kan náà, lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan bi í ní ìbéèrè, ó ní, "Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n. Màá lọ wò ó." Ó sì wò ó wá lóòótọ́. Mo rò pé wọ́n á fojú tín-ín-rín rẹ̀. Rárá o. Láti ọjọ́ náà, bó bá ní "mo mọ̀ ọ́n", gbogbo wa ló ń gbà á gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀karùn-ún ni, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́: olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi rọ́pò irọ́ tó kó kúrò. Nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ojú ọ̀run fún ọ. Bí mo bá ṣì í, má fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ọdún kìn-ín-ní ni mo wà.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bíi funfun yìí, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń rìn bí ìgbì omi. Ìgbì ti pupa gùn, ìgbì ti búlúù kúrú. Nígbà tí wọ́n bá wọ inú afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká, wọ́n á máa pàdé àwọn èérún afẹ́fẹ́ tó kéré débi tí ojú kò lè rí wọn. Pupa, púpọ̀ rẹ̀ ń kọjá lọ tààrà. Búlúù ni àwọn èérún wọ̀nyẹn ń tú ká jù, síhìn-ín, sọ́hùn-ún, lókè, nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi yòówù kí o gbójú sí lójú ọ̀run lọ́sàn-án, búlúù tó ti fọ́n ká yẹn ló ń bọ̀ wá bá ojú rẹ. Bó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ gan-an kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Búlúù á ti fọ́n dà nù lójú ọ̀nà, pupa ló máa ń ṣẹ́kù. Kò sí òkun nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Mo ka èyí, mo há a sórí, kò sì wọ̀ mí lára. Mo bá lọ sí etí ọ̀sà lọ́sàn-án àná, mo ní kí n lọ wo omi dúdú tí Ṣadé sọ. Obìnrin kan tó ń yan ẹja rí mi tí mo dúró.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹja èwo ni ká mú fún yín?"

"Ẹ ṣé o. Ọ̀run ni mo wá wò."

Ó wo òkè, ó wò mí, ó ké sí ẹnìkejì rẹ̀: "Ẹ wá gbọ́ o! Màmá yìí ní ọ̀run lòun wá wò, omi ló tẹjú mọ́!"

Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹja la ń tà."

Mo dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé o mọ àwọn òpó tí ilé wọn dúró lé nínú omi? Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan kọjá, ìgbì ńlá rẹ̀ tó gùn rọra ń bọ̀. Ó dé ìdí òpó, ó kọjá bí ẹni pé òpó kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, omi ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn ìgbì kéékèèké sì ń lu òpó kan náà. Àwọn yẹn kò rí ọ̀nà kọjá. Ìdí òpó ni wọ́n ti ń fọ́, tí wọ́n ń di òrùka, tí wọ́n ń lọ sí gbogbo ìhà. Ojú mi là gààrà. Òpó kan náà, omi kan náà: èyí tó gùn kọjá, èyí tó kúrú túká! Mo ra ẹja wọn nígbẹ̀yìn, ìdùnnú ni.

Àfiwé yìí kò pé o. Olùkọ́ wa ti kìlọ̀ pé àfiwé dára láti fi gun òkè, kò dára láti fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n ta ló mọ bí ìgbì ṣe ń ṣe ní ìdí òpó ju ọmọ tó ń sùn lórí òpó lọ?

Nígbà tí mo délé, mo ní kí bàbá rẹ wá ràn mí lọ́wọ́. A ti fèrèsé, a ta kọ́tìnnì. Mo bu omi sínú abọ́ dígí, mo da mílíìkì oníyẹ̀fun sí i, mo sì ní kó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Mo da mílíìkì jù. Gbogbo abọ́ funfun báláú.

Bàbá rẹ ní, "Ògì lo ń pò ni?"

"Bàbá Títí, ẹ ṣáà mú tọ́ọ̀ṣì yẹn dáadáa, ẹ má gbọ̀n."

Mo dà á nù, mo bu omi tuntun, mo fi ìwọ̀nba mílíìkì tó lè dúró ní ṣóńṣó ṣíbí sí i. Ó tan iná. Títí, abọ́ náà yọ búlúù! Kò le o, fẹ́ẹ́rẹ́ bí èéfín igi ni, ṣùgbọ́n búlúù ni. Mo ní kó wá sí iwájú kó wo iná tọ́ọ̀ṣì láti inú omi. Iná funfun yẹn ti pọ́n rúsúrúsú bí oòrùn tó ń wọ̀.

Bàbá rẹ lọ mú awò kékeré tó fi ń wo èérún ìǹkì lórí ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́ náà.

"Ibo ni ìǹkì wà níbí?"

"Kò sí ìǹkì."

"Omi kò ní àwọ̀. Mílíìkì funfun. Iná funfun. Ibo ni búlúù ti wá?"

"Inú iná funfun yẹn náà ni. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mílíìkì kàn tú u síta ni."

Ó jókòó sórí àga, ó gbé awò lé orúnkún. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń ra búlúù." Ó wá pariwo ẹ̀rín. Ní àárọ̀ yìí, kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí a bá pàdé lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣómólú ní, "Màmá Títí, nígbà tẹ́ ẹ ti mọ̀dí ọ̀run, ẹ bá wa wádìí ìdí tí iná mànàmáná ò fi kí wa láti ìjẹta."

Èyí tí mo bàjẹ́ níṣàájú náà wúlò. Bí èérún bá ti tóbi jù, gbogbo àwọ̀ ló ń tú ká bákan náà, kì í yan búlúù. Ìdí nìyẹn tí ìkùukùu fi funfun, tí ọ̀run ìgbà ọyẹ́ náà fi ń funfun bí ẹni pé wọ́n da ògì sí i. Nítorí náà, bí o bá ń ṣe é níwájú àwọn ọmọ, tí o sì da mílíìkì jù, má gbọ̀n. Ọyẹ́ lo ṣe yẹn. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ohun kan wà tí kò tíì yé mi dáadáa. Ìgbì ti àwọ̀ àlùkò kúrú ju ti búlúù lọ, kí ló dé tí ọ̀run kò fi jẹ́ àlùkò? Mo béèrè. Wọ́n ní èyí tí oòrùn ń rán wá nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti búlúù, pé afẹ́fẹ́ òkè ń gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, àti pé ojú àwa ènìyàn kì í tètè rí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí Ṣadé bá bi ọ́, sọ ohun tí o mọ̀ níbẹ̀, kí o sì jẹ́wọ́ èyí tó kù.

Ó yẹ kí n dé ibi tí mo ń lọ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Dúró níwájú kíláàsì yẹn, kí o ní, "Ohun tí mo sọ fún yín nípa ojú ọ̀run kò tọ́. Ṣadé ló rí i." Má fi ọgbọ́n bò ó. Má sọ pé wọn kò gbọ́ ọ yé ni. Lẹ́yìn náà, pe Ṣadé síwájú, kí o ní, "Má bínú pé mo ní kí o kúnlẹ̀." Níwájú gbogbo wọn ni kí o ti sọ ọ́, torí níwájú gbogbo wọn ló ti kúnlẹ̀. Ẹyin lohùn lóòótọ́, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ ọ lè bẹ̀rẹ̀ kó nu ilẹ̀. Kí o wá ní kó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ìgbì ṣe ń ṣe ní ìdí òpó ilé wọn. Bí ó bá wolẹ̀, tí ó ní òun kò mọ̀, má fipá mú un. Gbé abọ́ omi rẹ, tan iná rẹ, kí o sì jẹ́ kó wò.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní olùkọ́ tó bá bẹ ọmọdé, àwọn ọmọ á gun orí rẹ̀. Nílẹ̀ wa, àgbà kì í yára sọ "má bínú" fún ọmọ kékeré. Èmi gan-an kò sọ ọ́ fún ọ tó nígbà tí o wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò ní kí ọ̀kan kúnlẹ̀ lẹ́yìn kí èkejì tó lè gbọ́n.

Bí o bá ṣe é tán, tí o rí i pé iṣẹ́ náà kò sí lọ́kàn rẹ lóòótọ́, padà sí Fádèyí. Èmi fúnra mi ni màá bá ọ to ike fóònù sórí tábìlì, mi ò sì ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n má ṣe lọ kí o fi ọmọ yẹn sílẹ̀ lórí eékún. Ó ti dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ àti èmi mọ ibi tó ṣì kúnlẹ̀ sí.

Jẹun dáadáa. Má máa fi tíì àti búrẹ́dì lásán lọ síṣẹ́. Bí o bá ń jáde, jọ̀ọ́, ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì mọ ìwà àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ara wa le níbí. Inú mi dùn, ọmọ mi, àní bí mo ṣe ń kọ èyí pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé mo ti sọ̀rọ̀ jù. Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, ọ̀run mọ́ gaara, mo sì mọ ohun tí mò ń wò. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni. Má fi han àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ, má fi han ọ̀gá ilé ìwé, má sì jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ pé mo kọ ọ́, torí bó bá dé etí rẹ̀, gbogbo Ṣómólú ló máa gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Má sọ fún àwọn ọmọ náà pé ìyá rẹ ló kọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n rán Àǹtí ni, Ṣadé á rò pé wọ́n fipá mú ọ kí o tó bẹ òun. Jẹ́ kó gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ, kó sì mọ̀ pé inú ìwọ fúnra rẹ ló ti wá. Kà á tán, há a sórí, kí o sì fi pamọ́ síbi tí ojú ẹlòmíràn kò dé.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Màmá Títí.